Àwọn Ìlà Ara Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Sójà

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ ò sùn. Mo gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n, aago mẹ́wàá àárọ̀ la wà yìí, ẹni tó máa ń jí láago márùn-ún láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, òun náà ló wá ń sùn di àsìkò yìí? Ọjọ́ mẹ́sàn-án! Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko lẹ ò ti fẹsẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé. Ẹ ń jẹun, ẹ ń dá ọmọ yín lóhùn, ẹ ń dá ajá pàápàá lóhùn, èmi nìkan lẹ sọ di ògiri. Kí ni mo ṣe? Ó dáa, mo mọ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi náà, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ta ló ní ká ra ọkọ̀ yẹn? Ṣé èmi ni? Níbi tí wọ́n ń kó àlòkù irin sí, èmi ń wá jíà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mi jẹ́jẹ́, ẹ̀yin lẹ dúró síwájú píkọ́ọ̀pù sójà kan tí koríko ti hù nínú rẹ̀, ẹ ní, "Ọkọ̀ mi nìyí." Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ fọwọ́ sí ibi tó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná òsì, ẹ ní ẹ̀yin lẹ fi gbá afárá lọ́jọ́ tójò ń rọ̀. Ọdún mọ́kànlá lẹ fi wà á nígbà tẹ́ ẹ wà nínú iṣẹ́ ológun. Omi lé sí yín lójú, èmi náà sì ní kí wọ́n fi okùn fà á wálé fún wa. Nígbà yẹn, mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín sípánà àti ṣíbí! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọdún mẹ́rin là ń bá a yí, ẹ̀yin nísàlẹ̀, èmi lókè.

Mo yọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń rú èéfín, mo fi òmíràn sí i, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọ̀lẹ ni tẹ́lẹ̀. Mo yọ àga tẹ́ ẹ jókòó lé fún ọdún mọ́kànlá, mo fi èyí tó ní tìmùtìmù síbẹ̀, ẹ jókòó, ẹ ní ìdí yín ì bá ti mọ irú èyí láti ọjọ́ yìí wá. Mo pààrọ̀ táyà, mo pààrọ̀ iná, ẹ ò bínú. Ẹ wá gbọ́ ná, ẹni tó yọ ẹ́ńjìnnì tí wọn ò bínú sí, ṣé ó lè mọ̀ pé ara ilẹ̀kùn irin ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ̀rọ̀ wà? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà, Bàbá! Ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ tó ń ha irin, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní, "Ibi tó bá ti dógùn-ún, ha á títí yóò fi funfun." Ohùn yín ni mo tẹ̀ lé.

Ẹ ń wúkọ́. Mo gbọ́. Ẹ máa wúkọ́, mi ò lọ.

Àràárọ̀ kẹ́ ẹ tó mú sípánà, ẹ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ lé inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn. Mo ń rí yín. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn yín tẹ́ ẹ fi ń dì í mú ni. Kí ló dé tẹ́ ò sọ? Gbólóhùn kan péré, "Má fọwọ́ kan ibí yìí." Ṣé ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni? Inú kíṣìnì lọmọ yín ti sọ fún mi, ó kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná, ó ní ìṣó lẹ fi fa àwọn ìlà tí mo ha dànù lára ilẹ̀kùn yẹn, ìlà kan fún sójà kan tó fara gbọgbẹ́, tẹ́ ẹ gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó sì dé ọsibítù láàyè. Ó ní ẹ ò fa nǹkan kan fún àwọn tó kú lọ́nà.

Mo sọ fún un pé mi ò rí i. Mo ní ìpẹtà bò ó.

Irọ́ ni, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra, mo rí i. Ẹ̀rọ ń pariwo, ìpẹtà ń fò, mo rí ìlà kan, mo rí méjì, mo rí i pé wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹrù kì í ha irin lẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni. Mo tún rántí àtẹ́lẹwọ́ yín. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń bọ̀ wá ya fọ́tò lọ́jọ́ Sátidé, mo fẹ́ kí wọ́n rí ojú wọn nínú ọ̀dà mi, mo wá sọ fún ara mi pé kò lè jẹ́ nǹkan kan. Mi ò pa ẹ̀rọ yẹn títí tí mo fi gbójú sókè tí mo rí yín, pẹ̀lú ife tíì méjì lọ́wọ́. Ẹ gbé tèmi sílẹ̀ lórí táyà, ẹ wọlé. Tíì yẹn ni mo rò pé ó dùn mí jù. Ẹ ì bá dà á sí mi lára!

Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ọwọ́ mi rèé. Mo ti ní kí àwọn ẹgbẹ́ má wá mọ́. Mo ti tú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, mo gbé e wá, òun ló fara ti ògiri yàrá yín níbí, ẹ lè gbọ́ tí mo bá kàn án. Ẹ gbọ́ ọ? Ìlà mẹ́ta ló kù ní igun ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ò tíì débẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ yọ. Mi ò kun ún lọ́dà. Mi ò mọ iye tí mo pa rẹ́, ọmọ yín ò mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n láyé yìí àfi ẹ̀yin.

Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn. Ìṣó wà lọ́wọ́ mi. Ẹ máa kà, kí n máa fà á.