Ọ̀pá Ìwọ̀ tí Mo Gé Lábẹ́ Òwú

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Délé. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, òun àti Ràímì ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀pá ìwọ̀ tí wọ́n fi ń pẹja tà ní Òmù-Àrán. Ràímì ló ń gé ọparun, tó ń fi ọ̀bẹ mímú fá oríkèé rẹ̀ títí yóò fi dọ́gba. Délé ló ń wé òwú mọ́ ọn, tó ń kun fáníìṣì, tó ń fi sáńpépà ha á, tó sì tún ń kùn ún. Àdéhùn wọn ni pé bí òwú bá tú, Délé ló ni ẹ̀bi. Bí ọ̀pá bá ṣẹ́, ti Ràímì ni.

Odò ló gbé àbúrò mi lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi kì í fi í balẹ̀ bí Délé bá lọ dán ọ̀pá wò lódò Ọ̀ṣìn. Mo fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jáde, mo mú ọ̀pá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Mo tú òwú ibi oríkèé, mo fi bíléèdì gé ọparun náà yíká, kò jìn púpọ̀. Mo wé òwú padà sójú ipa rẹ̀, mo sì kun fáníìṣì lé e. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé yóò ṣẹ́ mọ́ Délé lọ́wọ́ ni, kí iṣẹ́ náà lè sú u. N kò mọ̀ pé oníbàárà ló ni ín.

Oníbàárà náà ni ọ̀pá ṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹja lọ, ọparun sì ya á ní àtẹ́lẹwọ́. Délé gbé èyí tó ṣẹ́ wálé, ó tú òwú rẹ̀, ó rí i pé irin mímú ló gé ọparun náà.

Ó ní, “Ràímì, ṣé ọparun lò ń fá ni, àbí iṣu lò ń bẹ?”

“N kò gé e báyìí.”

“Ta ló gé e? Àbí Màámi ni?”

Ọkà ni mo ń rò lórí iná. N kò gbójú sókè.

Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn, ẹ̀bi bọ́ sórí Ràímì; ó kó ọ̀bẹ rẹ̀, ó lọ dáko ní Òkè-Ọdẹ. Délé ò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ yìí ni Ràímì wọlé, àgbàlagbà tó ti hu ewú, ó dọ̀bálẹ̀ fún Délé, ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Mo ti rò ó títí. Ó ní láti jẹ́ pé ọwọ́ mi ló yẹ̀. Dárí jì mí.”

Délé ní kó padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n sáńpépà ni yóò máa fi ha ọparun. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀bẹ mọ́. Ràímì gbà. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Màámi, ẹ ṣé tí ẹ ò lé mi.”

Láràárọ̀ ló ń wá sí àgbàlá mi báyìí, tó ń ha ọparun tí ẹlòmíràn fá ní wúruwùru.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rù ń bà mí pé Délé ò ní fẹ́ rí mi mọ́. Bí mo bá dákẹ́, Ràímì yóò kú pẹ̀lú ẹ̀bi mi lọ́rùn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún, ọmọ mi ni, àbí Ràímì?