Ta Ni Ń Jẹ́ Dahóàmù?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun ọjọ́ pẹ́. Ǹ bá tún gbé e mì, àmọ́ ohun tí ọkọ mi sọ lọ́jọ́ Sunday tó kọjá ni kò jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́. "Ìfura loògùn àgbà" ni ìyá mi fi tọ́ mi. Kí Délé ọkọ mi tó wá sí Maryland ní Amẹ́ríkà níbí, Jámánì ló ń gbé. Ó ní òun bá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan kó ẹ̀rọ kiri, láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọrin nílé ọtí abúlé wọn títí wọ́n fi gbajúmọ̀. Ó ní èdè abúlé náà ni wọ́n fi ń kọrin, tí àwọn ará ìlú ńlá kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bí ìgbà tí Ìjẹ̀ṣà bá kọ̀ láti fi Yorùbá Ọ̀yọ́ kọrin. Mi ò gbà á gbọ́. Orin ẹgbẹ́ wo ni ọkùnrin ń gbọ́ nínú mọ́tò tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀?

"Dahóàmù, Dahóàmù" ló wà nínú ègbè orin náà. Mo ní obìnrin ni. Mi ò bi í, kó má baà mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo tú àpò rẹ̀, mo tú fóònù rẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan, ìyẹn tún wá dá kún ìfura mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù ilé wa ní Kettering dún. Obìnrin òyìnbó kan ni, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò já gaara. Ó ní, "Please, tell Dele: Dahóàmù." Mo ṣe bí orúkọ ara rẹ̀ ló ń sọ. Mo ní, "Dele is dead. Don't call here again."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu mi yìí náà ni. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Lójú mi nígbà náà, ẹkún yẹn gan-an ni ẹ̀rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Délé gbọ́ pé ẹgbẹ́ náà ti tú ká, pé wọ́n kọrin ìkẹyìn ní abúlé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "After everything, wọn ò tiẹ̀ pè mí." Mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mi ò mẹ́nu ba ìpè yẹn.

Lọ́jọ́ Sunday yìí, bí a ṣe ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ọmọ wa obìnrin bi í láti ẹ̀yìn mọ́tò pé, "Daddy, what's Dahóàmù?"

Délé rẹ́rìn-ín. "At home. Nílé. Ibi tí mọ́mì ẹ bá wà."

Àṣé ẹgbẹ́ náà ló ń pè é wálé, fún orin ìkẹyìn yẹn. Níbẹ̀, wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Níbí, ó rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Ó tún ń wojú mi láti ọjọ́ yẹn, àbí ó ti mọ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Báwo ni mo ṣe máa jí ọkọ mi dìde fún wọn, tí mi ò ní tú ilé tèmi ká?