Apẹ̀rẹ̀ Tí Mo Yọ Lórí Òpó

Ẹ̀yin ìdílé Adéníyì ní Òkè-Ìlá, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ìgbéyàwó ọmọ yín. Wọ́n ní nígbà tí ẹ wádìí ilé Bọ́sẹ̀dé tó fẹ́ fẹ́, wọ́n sọ fún yín pé òpùrọ́ ni ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàárè. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi Olúsọjí ni òpùrọ́ náà.

Lọ́dún 1983 mo ra ẹ̀rọ tí ń pa èkùrọ́, mo gbé e sẹ́yìn ọjà nílùú Ìlá. Èkùrọ́ kì í wọlé lójoojúmọ́, n kò sì fẹ́ òṣìṣẹ́ tí màá máa sanwó fún lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò sí. Mo bá jókòó, mo kọ ìwé àdéhùn: lọ́jọ́ tí mo bá fi apẹ̀rẹ̀ kọ́ orí òpó iwájú ilé iṣẹ́, kí ẹni tó bá ráàyè wá, lọ́jọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, kí kálukú gba oko rẹ̀ lọ. Inú àwọn obìnrin dùn. Ọ̀ṣuntóyìn, ìyá Bọ́sẹ̀dé, rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, iṣẹ́ tó fún ni láyè ro ẹ̀gẹ́ nìyí! Ẹ gbé tàdáwà wá, kí n tẹ̀ka." Kò mọ̀wé. N kò ka ìlà tó gbẹ̀yìn sí i létí: ẹni tó bá fara pa lọ́jọ́ tí apẹ̀rẹ̀ kò sí lókè, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé àìmọ̀ ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan lọ́dún 1986, èmi fúnra mi ni mo gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́. Ọ̀ṣuntóyìn ló kọ́kọ́ dé. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti gbó. Alfred tí ń wa ẹ̀rọ ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́líìtì náà já, ó fa ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà wọlé. Ìka mẹ́ta lọ. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Èmi ńkọ́? Àkàbà ni mo gbé, mo gùn ún, mo yọ apẹ̀rẹ̀ lórí òpó. Alfred ń wò mí.

"Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ fi apẹ̀rẹ̀ yẹn ṣe?"

"Apẹ̀rẹ̀ wo?"

Ó wolẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin yòókù dé, wọn ò rí nǹkan kan lórí òpó, wọ́n padà sóko.

Àwọn àgbà àdúgbò pè wá. Mo tẹ́ ìwé síwájú wọn, mo ní Alfred kàn ń dán ẹ̀rọ wò ni, obìnrin náà ló yà wọlé. Alfred ní òun kò wòkè. Ọ̀ṣuntóyìn na ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé: "Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí i, ẹ̀yin bàbá!" Ọ̀kan nínú wọn ní, "Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ kò rí i, ojú tìrẹ nìkan ló ríran?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Háà, èmi yìí! Látìgbà náà, bó bá ní òjò ń ṣú, wọ́n á ní, "Ṣé bó o ṣe rí apẹ̀rẹ̀ ọjọ́sí náà ni?"

Ọdún mẹ́ta rèé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbani síṣẹ́, ìlà tí ẹ kò bá lè kà sókè, ẹ má kọ ọ́. Ẹ̀yin àna, ẹ fẹ́ Bọ́sẹ̀dé fọ́mọ yín. N ó dúró níwájú àwọn àgbà, ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n n ó dúró. Kí ẹnikẹ́ni má tíì bá mi bẹ Ọ̀ṣuntóyìn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún un pé òótọ́ ló sọ.