Ọwọ́ Mautin Kọ́ Ló Ba Ẹja Ajido Jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, ó sì ti pẹ́. Ǹ bá má sọ ọ́ láéláé, àmọ́ ọmọ ẹni tí mo ṣẹ̀ ti ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Mowo báyìí, n kò sì lè wo ojú rẹ̀ mọ́.

Ọmọ Èkìtì ni mí. Iṣẹ́ ló gbé mi dé Àgbádárìgì, ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mautin, ọmọ Ajido. Àwa méjèèjì ni ilé iṣẹ́ wa máa ń rán lọ síbi tí wọ́n bá ti ra àpótí kékeré tó ń darí ẹ̀rọ. Òun a so wáyà, èmi a kọ àṣẹ tí bọ́ọ̀dù inú àpótí náà yóò máa tẹ̀ lé.

Ìgbà yẹn dùn, kí n má parọ́. Ní Ajido, inú yàrá yìnyín tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ń kó ẹja sí ni àpótí wà, òtútù ibẹ̀ kò sì ṣeé jókòó sí. Mautin fa wáyà gígùn kan jáde wá sábẹ́ igi àgbọn, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ láptọ́ọ̀pù mi. Orí wáyà yẹn ni dibọ́gà mi ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí n dá bọ́ọ̀dù dúró láàárín iṣẹ́, kí n wo ibi tó ti ń ṣìṣe.

Mautin ló kọ́ mi pé ẹnu wáyà tó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín, etí lọ́hùn-ún ló gbọ́dọ̀ wọ̀. Ìyára tí láptọ́ọ̀pù àti bọ́ọ̀dù fi ń sọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ bára mu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wúruwùru ni n óò máa rí. A máa rẹ́rìn-ín pé bí àwa méjèèjì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ń fi ohùn Gun sáré sọ Yorùbá, èmi ń fọ Èkìtì, ẹnì kan kò gbọ́ ẹnì kan. "Nọvi ṣie" ló ń pè mí, ìyẹn ọmọ ìyá òun. Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn ẹlẹ́ja náà, a gbé gààrí àti ẹja yíyan wá bá wa. Títí dòní, bí mo bá ṣí láptọ́ọ̀pù, ó máa ń ṣe mí bíi pé mò ń gbóòórùn èéfín yẹn.

Kí n lè máa wo iṣẹ́ bọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀, mo pàṣẹ fún un pé nígbàkígbà tó bá jí, kó dúró, kó má ṣe nǹkan kan títí dibọ́gà mi yóò fi kí i lórí wáyà. Ó yẹ ká yọ àṣẹ yìí kí a tó kúrò níbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a parí, àwọn ẹbí àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá wò mí, ara mi ò sì balẹ̀ mọ́.

Mautin bi mí pé, "Nọvi ṣie, ṣé o ti yọ ìdúró yẹn?"

"Mo ti yọ ọ́," ni mo wí, mo ń di báàgì mi lọ.

N kò yọ ọ́. Mo rò pé n óò padà wá yọ ọ́ kí iná tó lọ. Ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ta ló ń gbé Àgbádárìgì tó ń gbọ́kàn lé iná?

Iná lọ. Nígbà tó dé, bọ́ọ̀dù jí, ó ń dúró dè mí, ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù kò sì ṣiṣẹ́. Àwọn obìnrin rí i pé iná ti dé, ọkàn wọn balẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn, gbogbo ẹja ti rà.

Wọ́n ránṣẹ́ pè wá, èmi ni mo ṣáájú Mautin dé ibẹ̀. Bí mo ṣe ki wáyà bọ láptọ́ọ̀pù, bọ́ọ̀dù dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe wáyà Mautin. Mo yára yọ àṣẹ náà, nígbà tí Mautin sì dé, tí àwọn obìnrin pé jọ, mo ní ó jọ pé ojú ibi tí wáyà ti so ló tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí.

Mautin gbà á gbọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò ìyá rẹ̀. Ìyá náà ní ọmọ tí àwọn fi ń yangàn ló ba oúnjẹ àwọn jẹ́. Mautin fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó lọ sí Àjàṣẹ́ ní òdìkejì ẹnubodè, pákó ló ń tà níbẹ̀. Kì í wá sí Ajido mọ́, ẹnikẹ́ni ì báà kú. Síbẹ̀, nígbà ìgbéyàwó mi, ó fi ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi.

Sẹ́nàmì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi yìí. Lánàá, mo kọ́ ọ ní àṣẹ ìdúró. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, bí iná bá lọ, tó tún dé, tí ẹ ò sì sí ńbẹ̀ ńkọ́?" Mo ní mò ń lọ mu omi.

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ìyá olórí ẹlẹ́ja Ajido náà ti di arúgbó, ara rẹ̀ kò sì yá. Bó bá kú láìgbọ́, ta ni yóò gba Mautin padà sílé? Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo lè pàdánù òun àti ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé Ajido ni kí n kọ́kọ́ lọ ni, àbí Àjàṣẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Láàárọ̀ yìí ni Mautin pè mí láti dúpẹ́. Ó ní, "Nọvi ṣie, kọ́ ọmọ mi kó máa fara balẹ̀ bíi tìẹ. Má jẹ́ kí ọwọ́ ẹ̀ rí bíi tèmi."