Ìyá tó ń dúró ti ògiri

Mi ò kì í fetí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n nínú takisí tó ń gbé wa láti Sokodé lọ sí Kambolé, mọlémọlé kan àti káfíńtà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n jókòó sẹ́yìn mi. Káfíńtà ló kọ́kọ́ bèèrè:

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀gá wa tó wà ní Jámánì ti gbọ́?"

"Rárá. Àwọn àgbà ilé ní àwọn ni yóò tú ọ̀fọ̀ fún un. Àlàmísì la sin ìyá rẹ̀, wọn ò tíì pè é."

"Fọ́tò ilé rẹ̀ tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí i ní gbogbo Jímọ̀, ti àná ńkọ́?"

"Ohun tó dà mí láàmú nìyẹn. Láti ìpìlẹ̀ ló ti ní kí n máa mú ìyá òun dúró ti ògiri kí n tó ya fọ́tò, kí òun lè mọ ibi tí ògiri ga dé. Ó dé orúnkún màmá, ó dé èjìká. Ní báyìí ó ti ga jù ú lọ, màmá ò sì sí mọ́. Ògiri nìkan ni mo fi ránṣẹ́. Ló bá pè: ìyá òun dà? Mo ní oòrùn mú jù, màmá ti lọ sùn."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní kí n sọ fún ọ kí o rọra máa kan ìṣó, kí o má jí i."