Àrá Tí Kò Sán

Ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa kan ní Landover, ní Amẹ́ríkà, lọ́sàn-án tí ooru mú bí ẹni pé wọ́n dáná sábẹ́ títì, mo tò sẹ́yìn ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ náà ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń cháàjì fóònù rẹ̀ lára ògiri.

"Mọ́mì, ẹja lẹ tún ń rà? Ṣebí ẹja kún fíríṣà."

"Ó ti bàjẹ́. Mo yọ fíríṣà kúrò lára iná. Fóònù ẹ ló ní àrá lè sán."

"Ó lè sán ni wọ́n sọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ tó bá ti di ìgbà ooru báyìí."

"Ojoojúmọ́ náà ni mo ń yọ ọ́."

"Ẹ tún yọ AC. Mo tibi iṣẹ́ dé, ilé gbóná bí ààrò búrẹ́dì, ẹ ti fi ìró bo gbogbo dígí, ẹ jókòó, ẹ ń làágùn."

"Òógùn ò pààyàn. Àrá ló ń pààyàn."

"Àrá náà wá sán?"

"Kò sán."

"Ẹ ò wá rí i báyìí?"

Ìyá náà gbé ẹja lé káńtà. "Ṣé o rò pé ó kàn wù ú láti má sán ni? Ṣebí èmi ni mo yọ gbogbo nǹkan."

Ohun kan kù rìrì níta. Kíá, nọ́ọ̀sì náà ti fa fóònù rẹ̀ yọ lára iná.

Tírélà ló ń kọjá.

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rí i? Kò sán."