Àsíá Tí Mo Ní Kí Ọlálẹ́yẹ Tún Gbé Gòkè

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Alessandria, lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ ní kí n gbàdúrà fún ìyàwó Ògúnbíyìí, tí ẹjọ́ ọkọ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo ní kí ẹlòmíràn gbà á. Ohun kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún méjì. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ síta.

Èmi ni mò ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo nígbà tí àwọn kọ́múníìsì gba magazzino kan, ilé ìkẹ́rù ńlá. Giulia, olórí wọn, ń pariwo pé ibẹ̀ ni ìyípadà gbogbo Italy yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi gbé àpótí ní ìlú Collegno, tí mo ń ti ibi iṣẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ wíwú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fetí sí mi. Orí mi wú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ọlálẹ́yẹ, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, gbé àsíá pupa gun òrùlé. Ọkọ̀ ojú irin mi pẹ́, wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí n tó dé. Mo ní, "Tún un gbé gòkè, kí n fi fóònù yà á fún ojú-ewé rédíò wa." Ó wòkè. "Ẹ̀gbọ́n, òjò ti rọ̀. Páànù yẹn ń yọ̀ bí ilá." Mo ní, "Àbí èmi ni màá gùn ún?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ẹlẹ́sẹ̀ wíwú? Ẹ dúró ńlẹ̀ jàre." Ó fi àkàbà gùn ún. Ẹ gbọ́ o, mo ti rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú permesso, ìwé ìgbélùú rẹ̀: ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ. Irọ́ ni mo fi di ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó yọ̀, ó já lulẹ̀. Kò tilẹ̀ ké.

Èyí tó burú jù ló kàn. Ògúnbíyìí, sẹkúríìtì ibẹ̀, sáré wá gbé orí rẹ̀ lé itan, ẹ̀jẹ̀ bò ó lọ́wọ́. Giulia bi mí pé ta ló ṣe é. Mo nàka sí ọlọ́wọ́ ẹlẹ́jẹ̀. Mo ní òun ló mi àkàbà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá, mo sọ ọ́ lórí rédíò. Mojísọ́lá, ìyàwó olóògbé, dì mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á san yín lẹ́san òtítọ́ yín." Mo ṣe àmín.

Ọjọ́ Ajé ni ìdájọ́ Ògúnbíyìí. Màá ti wà níwájú adájọ́ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Mojísọ́lá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya ayé, bí ẹ bá pẹ́ dé, ẹ sọ pé ẹ pẹ́.